Àmù tó ń làágùn: bí ara àlejò ṣe ń kọ́ ooru Èkó

Oṣù kejì ọdún ni ọmọ àbúrò mi, tí wọ́n bí sí Peckham ní London, dé sílé wa ní Mushin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìyá mi ní àmù kan tó gbé wá láti Abẹ́òkúta, ó gbé e sórí iyanrìn tútù ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà fọwọ́ kan ara àmù, ó rí i pé omi ń sun níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ló bá kígbe: "Màmá àgbà, ìkòkò yín ń jò!"

"Kò jò, ọmọ mi," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Ṣe ló ń làágùn. Òógùn yẹn ló ń mú omi inú rẹ̀ tutù."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà wà lórí ẹní, orí ń fọ́ ọ, èébì ń gbé e. A rò pé ibà ni, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe ibà. Ooru ló mú un. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ nípa àmù ló jẹ́ kí n lóye ohun tó ṣe ọmọ náà, òun náà ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé fún ẹni tó bá ń ti ìlú òtútù bọ̀ wá gbé ní Sùúrùlérè, Yábàá tàbí Mushin.

Ìgbà wo gan-an ni ooru ń mú l'Ékòó?

Ẹni tó ti Ìlú Ọba dé ti mọ oṣù keje àti oṣù kẹjọ sí ìgbà ooru. Òdìkejì ni t'Èkó. Láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin ni ooru ń mú jù níbí. Lọ́sàn-án, ó máa ń tó 33°C sí 34°C. Lóru, ekukáká ló fi ń wálẹ̀ kọjá 25°C. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin, oòrùn máa ń dúró gán-ún sí àtàrí wa lọ́sàn-án gangan, débi pé abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni ni òjìji ẹni ń wà. Oòrùn tún máa ń padà síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ìkùukùu òjò kì í jẹ́ ká mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun sí etí òkun wa, ojú ọjọ́ á ṣú, ooru ọ̀sán á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 28°C. Ẹni tó bá dé lásìkò yẹn lè máa sọ pé Èkó ò gbóná tó bí wọ́n ṣe ń wí. Àlejò lójú, kò fi ríran. Kó dúró di oṣù kẹta.

Kí ló dé tí 34 ibí fi wúwo tó bẹ́ẹ̀?

Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, ooru dé 40.3°C ní Coningsby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ooru Èkó kì í sábà dé bẹ́ẹ̀ rárá. Kí ló wá dé tí ẹni tó rí ti London fi ń mí hẹlẹ ní Ojúẹlẹ́gba?

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí àmù. Omi máa ń gba ihò wẹ́wẹ́ ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń gbé ooru lọ pẹ̀lú. Bí ara wa náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Òógùn tó bá gbẹ lára ló ń mú ara tutù. Èyí tó bá kán sílẹ̀ tó-tó-tó, òfò ni. Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún ọ̀rinrin, nítorí òkun àti ọ̀sà ló yí wa ká. Afẹ́fẹ́ tó ti mu omi yó kò ní àyè láti gba òógùn tiwa. Bí òṣùwọ̀n bá ka 34°C, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 42°C ni yóò rí lára èèyàn.

Ọ̀rọ̀ náà tún ti le sí i. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ooru líle kan bo apá gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àsìkò náà ni ìdíje AFCON ń lọ ní Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń dá bọ́ọ̀lù dúró kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ nílẹ̀ wa, kìlọ̀ fún ará ìlú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ World Weather Attribution yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé bí a bá pa ooru àti ọ̀rinrin pọ̀, bíi 50°C ló rí lára àwọn èèyàn agbègbè náà. Wọ́n ní èéfín epo àti gáàsì tí aráyé ń sun ti jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ti fi nǹkan bí 4°C kún un.

Ara máa ń kọ́ ooru

Ara èèyàn lè kọ́ ooru bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìrìn. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló ń gbà. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, kí ọkàn má baà ṣe làálàá jù. Òógùn á tètè jáde kí ara tó gbóná jù, á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iyọ̀ inú òógùn náà á dín kù, nítorí ara ti kọ́ bó ṣe ń tọ́jú iyọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í pẹ́ nù. Ẹni tí wọ́n bí sí Mushin, tó lọ gbé nílẹ̀ òtútù, máa ń pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan. Nítorí náà, bó bá padà dé tí ooru gbé e ṣánlẹ̀, kò di aláṣejù, kò sì di òyìnbó. Ara rẹ̀ ló gbàgbé, yóò sì tún rántí. Ohun tí kò dáa ni kó fi agídí ṣe é, kó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú lónìí, kó wá máa rin ọjà Tẹ́júoṣó láago kan ọ̀sán lọ́la. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wákàtí kan níta lónìí, méjì lọ́túnla, títí ara á fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sì ti ara mọ́ inú yàrá amúlétutù tọ̀sán-tòru, ara rẹ̀ kò ní rí nǹkan kọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ọmọ àbúrò mi sáré wọlé láti ojúde, iwájú orí rẹ̀ ń dán fún òógùn. Ó dúró sídìí àmù, ó ní: "Màmá àgbà, èmi náà ti ń jò!"

Kí ni kéèyàn ṣe?

Ẹ wọ aṣọ òwú tó fẹ̀, irú bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá. Aṣọ ọ̀rá àti kóòtù kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé awọ ara. Ẹ máa mu omi kí òǹgbẹ tó dé. Òógùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára nínú oòrùn lè ju lítà kan lọ ní wákàtí kan, ìyẹn ju píọ̀ wọ́tà méjì lọ. Oúnjẹ tó níyọ̀ díẹ̀ á dá iyọ̀ tó bá òógùn lọ padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn kíndìnrín gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ná.

Fáànù wúlò gan-an ní Èkó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìgbà tí ooru bá kọjá 40°C ni fáànù ń mú ara gbóná sí i, tiwa kì í sì í sábà débẹ̀. Bí iná bá wà, ẹ fi omi pa ara, kí ẹ jókòó síwájú fáànù láìnura. Ẹ ti sọ ara yín di àmù nìyẹn. Àwọ̀n ẹ̀fọn máa ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ kúrò, pàápàá lórí ibùsùn ọmọ tí ara rẹ̀ kò tíì mọ ibà. Bí ẹ bá sì tan jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Òru ló ṣòro jù

Ara tó ti jìyà lọ́sàn-án nílò òru láti sinmi. Ṣùgbọ́n páànù àti sìmẹ́ńtì máa ń kó oòrùn ọ̀sán pamọ́, wọ́n á wá máa tú u sí wa lára lóru. Ní àwọn ilé olójúlé púpọ̀ ní Mushin, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí fèrèsé kan ṣoṣo sì wà, afẹ́fẹ́ tó wọlé kò rí ibi tí yóò gbà jáde.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé tó wá láti Ìlú Ọba, ló ya àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníhò ṣe ògiri, wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba yàrá kọjá. Ní 1956, wọ́n tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń kọ́lé sílẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ẹ ṣì lè rí irú ògiri bẹ́ẹ̀ lára àwọn ilé àtijọ́ ní Sùúrùlérè. Lónìí, fèrèsé tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ la ń lò, èyí tí ìdajì rẹ̀ nìkan ń ṣí. Ẹni tó bá ń wá ilé yá, kó wá èyí tó ní fèrèsé lápá méjì, tí sílìn sì wà lábẹ́ páànù rẹ̀.

Amúlétutù ò sì sí níkàáwọ́ gbogbo èèyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ooru ṣì ń jó wa, owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, fò sókè dé ₦225 fún ẹyọ kan. Fáànù kì í jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iná tí amúlétutù ń jẹ.

Àmì ewu

Bí ẹni tí ooru mú bá ń sọ̀rọ̀ tí kò yé èèyàn, tí gìrì gbé e, tàbí tó dákú, tí ara rẹ̀ sì gbóná kọjá 40°C, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn àti abíyá rẹ̀. Ẹ má ro omi sí ẹni tó dákú lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ló kàn, láìjáfara. Àwọn àgbàlagbà, aláboyún àti ọmọ ọwọ́ ló yẹ ká máa bẹ̀ wò jù.

Ìdí igi la wà

Àwọn tó dá àdúgbò wa sílẹ̀ mọ iyì ìbòòji. Igi àràbà ni wọ́n fi sọ ibi tí ilé ìwòsàn LUTH wà lónìí ní Ìdí-Àràbà. Àwọn àgbà sì máa ń so orúkọ Mushin mọ́ igi ìṣin. Orúkọ kù, igi ti lọ. Láti 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń ya ọjọ́ 14 oṣù keje sọ́tọ̀ fún igi gbíngbìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò lè tó bí onílé àti ayálégbé kò bá fi igi kan sí ojúde tiwọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ara fi ń kọ́ ooru. Igi ò lè fi ọ̀sẹ̀ méjì dàgbà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ti gbìn ín kí àlejò tó dé.