Rosárì
Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, agbègbè Òkìtìpupa, Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ìlẹ̀kẹ̀ 59 ló wà lára rosárì, okùn àdúrà àwọn Kátólíìkì: 53 fún àdúrà Mo Kí Ọ Màríà, 6 fún Baba Wa. Àgbélébùú ìdí rẹ̀ ni olùgbàdúrà ń kọ́kọ́ dì mú, ibẹ̀ ló sì ti ń ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì. Ìka ló ń ka iye, kí ọkàn lè ráyè ronú nípa ìgbésí ayé Jésù àti ìyá rẹ̀.

Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni odindi rosárì ń gbà, èyí sì bá ọjọ́ tí ọwọ́ ẹni dí mu gan-an. Fún àpẹẹrẹ, iṣẹ́ púpurú, oúnjẹ tí a mọ Ìkálẹ̀ mọ́, ń fẹ́ sùúrù: wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n ní róbótó, wọ́n á wá tò ó sórí àjà lókè iná. Ẹni tó jókòó ti iná bẹ́ẹ̀ lè gbàdúrà láìpa iṣẹ́ tì. Kò di dandan kó parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lè ka Mo Kí Ọ Màríà mẹ́wàá láàárọ̀, kó ka ìyókù lálẹ́. Àǹfààní ńlá lèyí.

Abẹ́ Dáyósíìsì Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1950, ni àwọn ìjọ Kátólíìkì agbègbè yìí wà. Níbẹ̀ àti káàkiri àgbáyé, Oṣù Kẹwàá ni oṣù rosárì, látìgbà Póòpù Leo Kẹtàlá ní 1883. Ní 2002, Póòpù John Paul Kejì fi àṣàrò ìmọ́lẹ̀ kún àwọn ohun tí wọ́n ń ronú lé lórí nínú rosárì. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kà á.