Ṣé o mọ̀ pé 47 lè rọ́pò 50?

Ṣé o mọ̀ pé capacitor tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó bàjẹ́ lè jí mítà àtijọ́ dìde? Ẹni tó bá ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Sanson, ní agbègbè Tchaourou, lè wá 50 µF títí kó má rí i, nítorí ìtò nọ́ńbà tí àjọ IEC tẹ̀ jáde ní 1952 ni àwọn ilé iṣẹ́ ń tẹ̀lé báyìí: 10, 15, 22, 33, 47, 68. Kó fi 47 sí i. Èyí àtijọ́ fúnra rẹ̀, nígbà tó ṣì wà ní tuntun, lè fi ìdá 20 nínú 100 dín sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Fólítéèjì ti tuntun nìkan ni kò gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn nǹkan kò gba àmúlùmálà. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ibi tí iná ti ń wọlé ni capacitor yìí wà, ó sì yàtọ̀ sí ibi tí ìwọ̀n ti ń ṣẹlẹ̀. Bí resistor tó ń pín iná fún abẹ́rẹ́ mítà bá fi ìdá 5 nínú 100 ga jù, iná 220 fólítì yóò di nǹkan bíi 210 lójú mítà náà. Resistor oníkáàbọ̀nù àtijọ́ sì máa ń ga sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rinrin sì ń dá kún un. Àwọ̀ ara rẹ̀ kò yí padà. Iye inú rẹ̀ ló yí. Nítorí náà, tú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò, kí o wọ̀n ọ́n, kí o tó gbà á gbọ́.