Láti Ọjà Tekka dé Ìsọ̀ Huber: Mo Wá Ẹran Inú Àgbá Lọ

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, ẹsẹ̀ ò gbèrò mọ́ ní ọjà Tekka. Àdúgbò àwọn ará Íńdíà ní Singapore ni ọjà yìí wà, níbi tí wọ́n ti ń so ẹfọ̀n àti màlúù mọ́lẹ̀ fún títà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Màlúù ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ẹran ni kò kúrò. Ilẹ̀ tútù rinrin, omi yìnyín ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, odindi ẹran àgùntàn rọ̀ lórí ìwọ̀ irin, ọ̀bẹ ńlá sì ń dún gbì-gbì lórí ìtì igi. Ẹni tó bá mọ ìsọ̀ àwọn alápatà ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn kò ní ṣe àlejò níbí.

Mo dúró níwájú àtẹ adìẹ. Obìnrin tó ni àtẹ náà kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ rárá bó ṣe ń gé itan kúrò lára àyà. Àwọn oníbàárà ń gba tiwọn, wọ́n ń lọ, kò sí ẹni tó ń dúnàádúrà. Èèyàn kò ní mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí adìẹ rí nílùú yìí. Bẹ́ẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Malaysia, níbi tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta adìẹ Singapore ti ń wá, ṣàdédé fòfin de kíkó adìẹ jáde. Ìdààmú bá àwọn tó ń ta ìrẹsì oníadìẹ, oúnjẹ tí tolówó tòtòṣì ń jẹ níbẹ̀. Oúnjẹ tó lé ní ìdá 90 nínú 100 ni Singapore ń rà láti ìta. Ilẹ̀ tí wọn yóò fi da ẹran kò sí. Nígbà tí mo ro èyí, kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé ìjọba ibẹ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí títa ẹran tó hù nínú àgbá, ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹran adìẹ ni, ilé iṣẹ́ Eat Just ti Amẹ́ríkà ló ni ín, GOOD Meat ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á.

Òun ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ní Dempsey. Òkè olóoru tí igi bò ni, bárékè àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ni láyé àmúnisìn. Ilé oúnjẹ àti ìsọ̀ olówó ló kún un báyìí. Huber's Butchery wà láàárín wọn. Ìsọ̀ alápatà ni, àmọ́ kò sí omi nílẹ̀, kò sí òórùn. Ẹran wà lẹ́yìn gíláàsì, sọ́séèjì tò lọ rẹrẹ. Mo wá GOOD Meat títí níbẹ̀, n ò rí i. Inú fìrísà ló wà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n gbé e síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láyé nìyẹn tí ẹnikẹ́ni lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó ra ẹran inú àgbá lọ sè nílé. Ọ̀rá kékeré kan, gírámù 120, dọ́là Singapore 7.20 ni nígbà náà.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Ìdá 3 péré nínú 100 ló jẹ́ sẹ́ẹ̀lì adìẹ. Púrótíìnì láti ara ewéko wà nínú ìyókù. Mo ṣírò rẹ̀ níbi tí mo dúró sí: gírámù 3.6. Kò tó ohun tí yóò kún ṣíbí kékeré.

Kí ló fà á tó fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Oúnjẹ ni. Mo ń sọ oúnjẹ tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń jẹ, nítorí pé láti pèsè ẹran yìí, wọ́n máa ń mú sẹ́ẹ̀lì láti ara adìẹ, wọ́n á kó o sínú àgbá irin tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ẹran, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n á fún un ní ṣúgà, iyọ̀, fítámì àti àwọn amino acid tó ń para pọ̀ di púrótíìnì, títí kan irú púrótíìnì kan tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pọ̀ sí i. Púrótíìnì yìí ló wọ́n bí ojú, torí pé àwọn tó ń ṣe oògùn ni wọ́n ń ṣe é fún, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni wọ́n ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tí a kò tíì bí ni wọ́n ń lò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹran tí wọ́n ní kò la pípa lọ wá ń gbára lé ìyá màlúù tí wọ́n pa toyún-toyún! Inú mi dùn pé oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Singapore fọwọ́ sí èyí tí kò lo ẹ̀jẹ̀ náà.

Ìmọ́tótó ló tún kù. Bakitéríà lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú; sẹ́ẹ̀lì ẹran ń lo nǹkan bí odindi ọjọ́ kan. Adìẹ alààyè ní àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá a lé àrùn. Sẹ́ẹ̀lì inú àgbá kò ní olùgbèjà. Bí kòkòrò kan bá ráyè wọlé, gbogbo àgbá náà di dídànù, bí àgbá bá sì ṣe tóbi tó ni àdánù ṣe ń tóbi tó. Bí wọ́n bá rò ó pọ̀ le jù, sẹ́ẹ̀lì á fọ́. Bí wọn kò bá rò ó, atẹ́gùn kò ní dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Nítorí náà ni ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò kékeré kì í fi í rọrùn nínú àgbá ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà.

Mi ò ní fojú kéré ọ̀nà tí wọ́n ti rìn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, bọ́gà kan ṣoṣo tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mark Post láti Yunifásítì Maastricht gbé wá sí Lọ́ńdọ̀nù ná wọn tó yúró 250,000. Sergey Brin ti Google ló sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ẹni tó bá ní ẹran yìí kò lè ba afẹ́fẹ́ jẹ́ gbọ́. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Davis ṣírò pé bí wọ́n bá ń fọ oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì mọ́ dé ìwọ̀n ti oògùn, èéfín tó ń mú ayé gbóná tí yóò jáde lè fi ìlọ́po 4 sí 25 ju ti ẹran màlúù lọ. Bí ìwọ̀n ti oúnjẹ lásán bá tó, tí iná mànàmáná sì wá láti ara oòrùn tàbí afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Mo ra ọ̀rá kan, mo fi àlùbọ́sà àti ata dín in. Ó rọ̀, ó ta sánsán bí adìẹ, ó dùn. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé sẹ́ẹ̀lì ìdá 3 yẹn ló dùn lẹ́nu mi.

Ítálì ti fòfin de ẹran yìí ní 2023, ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024. Àṣìṣe ni, lójú tèmi: wọ́n ti ilẹ̀kùn kí àlejò tó dé. Ní Áfíríkà, Mzansi Meat ní Cape Town ti gbé bọ́gà màlúù tirẹ̀ jáde ní 2022. Àwa náà ní ohun tí a lè mú wá: Nàìjíríà ló ń gbin gbágùúdá jù láyé. A lè yọ ṣúgà gúlúkóòsì láti inú sítáàṣì rẹ̀, a sì lè rí amino acid láti ara ẹ̀wà sóyà. Ohun tí àwọn àgbá wọ̀nyẹn ń wá gan-an nìyẹn, ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀yin olùwádìí wa ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní yunifásítì gbogbo, ẹ má dúró de àgbá. Oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, kí ìjọba sì náwó sí i.