Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà, Láàbù Púpọ̀

Nunavik, ìhà àríwá Québec ní Kánádà, níbi tí àwọn Inuit ń gbé, jìnnà sí àwọn ìlú ilé iṣẹ́ ńlá. Ìdí nìyẹn tí Dókítà Éric Dewailly fi lọ wá wàrà ọmú tó mọ́ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, kó lè fi wé ti àwọn ìyálọ́mọ gúúsù tó ń yẹ̀ wò fún kẹ́míkà PCB. Ibi tó fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀: PCB inú wàrà àwọn ìyá Inuit tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ti gúúsù.

Wọ́n ń lo PCB nínú epo tiransifọ́mà nígbà kan. Kì í jẹrà. Atẹ́gùn àti omi òkun gbé e lọ sí àríwá, ó wọ inú ọ̀rá ẹja àti ti àbùùbùtán, ibẹ̀ ló gbà dé ara àwọn tí ń jẹ wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti PFOS, kẹ́míkà mìíràn tí inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ń gbé. Tó bá wọlé, ó tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó jáde.

Wíwọn irú kẹ́míkà wọ̀nyí ni iṣẹ́ mi. Lójú tèmi, nọ́ńbà tí láàbù kan kọ kò tíì fìdí múlẹ̀, àfi bí láàbù mìíràn bá lè wọn ẹ̀jẹ̀ kan náà kó sì bá a bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀nà àṣìṣe pọ̀. Ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Díẹ̀ nínú irú ìdá bẹ́ẹ̀ là ń wá. Teflon tó wà lára ẹ̀rọ wa lè sun kẹ́míkà tó jọ PFOS sínú àyẹ̀wò. Èròjà òróòro kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà mọ́ PFOS. PFOS fúnra rẹ̀ ní èyí tó gùn gbọọrọ àti èyí tó yà ní ẹ̀ka. Bí láàbù kan bá ka méjèèjì, tí òmíràn ka ẹyọ kan, wọ́n dà bí alágbàdo méjì tí ìsàlẹ̀ kóńgò ọ̀kan ti tẹ̀ wọnú.

Láti ọdún 2001 ni àjọ ìlera gbogbogbòò Québec, INSPQ, ti ń dán àwọn láàbù wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, wọ́n á fi omi ẹ̀jẹ̀ kan náà ránṣẹ́ sí láàbù ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, láìsọ iye kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀. Láàbù á wọ̀n ọ́n, á dá èsì padà, wọ́n á sì sọ fún un bó ṣe jìnnà tó sí iye tó yẹ. Mo ka ìdánwò yìí sí ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ.

Èrè rẹ̀ hàn. Ní 1999 sí 2000, PFOS inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí nánógíráàmù 30 nínú mìlílítà kan. Ní 2000, ilé iṣẹ́ 3M kéde pé òun yóò ṣíwọ́ ṣíṣe é. Nígbà tó fi di 2017 sí 2018, kò tó 5 mọ́. A gba ìròyìn ayọ̀ yẹn gbọ́ nítorí pé òṣùwọ̀n kò yẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn.

Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní Nunavik ni mò ń rò. Nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lè lé e kúrò nídìí oúnjẹ àwọn baba ńlá rẹ̀, kó sì gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Èyí tó kéré jù á tàn án. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánádà tàbí Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá fún yín ní irú èsì yìí, ẹ béèrè: ta ló ń dán láàbù yín wò láti ìta? Báwo ni ẹ ṣe ṣe sí nínú ìdánwò tó kẹ́yìn? Láàbù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní ìdáhùn, kò sì ní bínú sí yín.