Ààbò Ara àti Àrùn Ọpọlọ: Ohun tí ó Yẹ kí Àwa Olùkọ́ Mọ̀

Ìfáàrà

Bí ọ̀dọ́ kan ní Narayi, ní ìlú Kàdúná, bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó sì ń fura sí tẹbí-tọ̀rẹ́, ìbéèrè tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn rẹ̀ ni, "Ta ló ṣe é?" Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè mìíràn ló yẹ kí ó ṣáájú: "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀?" Skisofríníà ni àrùn tí à ń sọ, ọ̀kan nínú àwọn tí Yorùbá kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ wèrè. Ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 20 ló ní in lágbàáyé. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe ọjọ́ orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Iṣẹ́ Ọmọ Ogun Ara

Ara ní ọmọ ogun tirẹ̀. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọn a dá a mọ̀, wọn a sàmì sí i, wọn a sì pa á run. Nínú ọpọlọ, wọ́n tún ní iṣẹ́ mìíràn: bí ọmọ ṣe ń dàgbà, wọ́n ń gé àwọn ojú ìsopọ̀ tí ọpọlọ kò nílò mọ́, bí àgbẹ̀ ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka kókó. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà fi hàn pé irú jíìnì C4, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì ààbò ara, tí ènìyàn jogún lè fi kún ewu skisofríníà. Àlàyé wọn ni pé bí C4 bá pọ̀ jù, gígé náà lè kọjá ààlà.

Ohun tí Ìwádìí Mìíràn Sọ

Ìwádìí kan ní Denmark ní ọdún 2011 rí i pé ewu irú àrùn yìí fi ìdá 60 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tí kòkòrò àrùn ti gbé dé ilé ìwòsàn rí. Èyí kò sọ pé ibà ń sọ ènìyàn di wèrè. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni yóò ṣàìsàn, tí yóò gbádùn, tí ohunkóhun kò ní ṣe ọpọlọ rẹ̀.

Àìsàn mìíràn tún wà tí ó jọ skisofríníà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun. Josep Dalmau àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 2007. Nínú rẹ̀, ọmọ ogun ara dojú ìjà kọ ọpọlọ fúnra rẹ̀. Aláìsàn a máa sọ ìsọkúsọ, gìrì a sì máa mú un. Bí dókítà bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn tí ń dẹ ọmọ ogun ara lọ́wọ́ lè mú un bọ̀ sípò.

Ìdí tí Ọ̀rọ̀ yìí fi Kàn Wá

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn tí ó lé ní 300 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Rigasa, ní Kàdúná kan náà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi de ọ̀pọ̀ wọn. Ẹbí àwọn kan ló mú wọn lọ síbẹ̀ fún àtúnṣe ìwà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò lè wo ohun tí ń ṣe ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní Barnawa, tí kò jìnnà sí Narayi.

Àbá àti Ìkádìí

A dábàá pé:
1. kí a kọ́ àwọn olùkọ́ọ̀la láti dá àmì àrùn náà mọ̀: ìyara-ẹni-sọ́tọ̀, àìsùn, ìfura, ìjákulẹ̀ òjijì nínú ẹ̀kọ́;
2. kí a ka ìyípadà ìwà òjijì tí ibà tàbí gìrì bá bá rìn sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì;
3. kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn tí dókítà kọ dúró nítorí ìmọ̀ tuntun yìí, nítorí ìwádìí ṣì ń lọ;
4. kí àdúrà ẹbí má ṣe dí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Olùkọ́ ló ń rí ọmọ lójoojúmọ́. Bí a bá tètè kíyè sí i, tí a sì tọ́ka ọ̀nà ilé ìwòsàn fún ẹbí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni yóò padà sí kíláàsì.