Marc Márquez mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò

Ìgbà mẹ́fà ni Marc Márquez, ọmọ Sípéènì, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé MotoGP lórí alùpùpù Honda. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí egungun apá rẹ̀ kán ní Jerez lọ́dún 2020, nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, alùpùpù náà ò sì yá tó ti Ducati. Lóṣù kẹwàá ọdún 2023 ló ní òun ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdéhùn wọn ku ọdún kan.

Gresini ló lọ, ẹgbẹ́ kékeré tó ń lo Ducati ọdún tó kọjá. Àwa náà ṣiyèméjì nígbà yẹn, ká má purọ́. Lóṣù kẹfà ọdún 2024, Ducati mú un sí ẹgbẹ́ tiwọn gan-an. Jorge Martín, tó ń retí àyè náà, bá gba Aprilia lọ. Òun ló sì gba ife ọdún yẹn!

Lọ́dún 2025, Márquez gba ìkeje ní Motegi ní Japan, lẹ́ni ọdún 32. Honda ló ni pápá náà.