Ọmọ Yín Ń Lọ sí Yunifásítì: Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Òbí

Ìwé ìlàlóye fún àwọn òbí ní Woolwich àti Thamesmead, tí ọmọ wọn fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2026

Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà, ìdánwò JAMB la ṣe. A ra fọ́ọ̀mù, a jókòó ṣèdánwò, a wá ń retí máàkì. Bí máàkì bá kù díẹ̀ káàtó, wọ́n á ní ká lọ wá ẹni tó mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ti ibí yìí yàtọ̀. Ọmọ ni yóò kọ fọ́ọ̀mù UCAS fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ìwé rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí sí i, kò sì sí ẹni tí à ń lọ bẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí òbí nìkan ló lè ṣe. Ohun tí a máa ń rí ni pé òbí á fi odidi ọdún kan bá ọmọ fa kọ́ọ̀sì (òfin ni àbí ìṣègùn?), á wá gbàgbé èyí tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nípa èyí tó wà lọ́wọ́ yín la ṣe kọ ìwé yìí.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọdún mẹ́ta

Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ láti orí máàkì. Ibi tí ọmọ ti ń gbé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Púpọ̀ nínú wa ló máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé, kí ó lọ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú tàbí nílé ìwé oníbọ́ọ̀dìn ní Abẹ́òkúta, kí ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ má bàa kó ràn án. A ò bá yín jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó lè san owó ilé ìwé ti ọmọ ilé, kí ó sì rí ẹ̀yáwó ìjọba gbà ní England, ó gbọ́dọ̀ ti fi ilẹ̀ yìí ṣe ibùgbé fún ọdún mẹ́ta gbáko kí ọdún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó wọlé ní ìgbà ìwọ́wé, ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń kà á dé. Pásípọ́ọ̀tù nìkan kò tó. Ọmọ tí wọ́n bí ní Queen Elizabeth Hospital níbí ní Woolwich, tó dé láti Nàìjíríà ní oṣù kẹfà, yunifásítì lè pè é ní akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè. Owó akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè kò ní gbèdéke, ìjọba kì í sì í yá ènìyàn ní kọ́bọ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ pé fún ìgbà díẹ̀ ni ọmọ lọ, ẹ tọ́jú ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé fún yunifásítì kí wọ́n tó pinnu.

Àwọn tí kò tíì ní ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́, ọ̀nà wà fún ẹ̀yin náà. Ọmọbìnrin kan láti Zambia, Beaurish Tigere, tó dé ibí ní 2001 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí wọn kò yá a lówó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a láre ní oṣù keje ọdún 2015, ìlànà sì yí padà. Lónìí, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lè gba ẹ̀yáwó bí ó bá ti gbé ibí fún ọdún méje. Ẹni tó ti pé 18 gbọ́dọ̀ ti lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ níbí, tàbí 20 ọdún. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti ní ìwé tó bófin mu fún ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Bí físà bá kù díẹ̀ kó parí, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Àlàfo tó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan lè ba gbogbo kíkà náà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó

Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26, owó ilé ìwé kò ju £9,535 lọ́dún fún ọmọ ilé. Èyí lè lé sí i nígbà tí tiyín bá wọlé. Ìjọba ló ń yá ọmọ lówó yìí, ó sì ń san án fún yunifásítì tààrà. A mọ̀ pé Yorùbá kórìíra gbèsè, àwọn òbí kan sì ti ń múra láti kó àjọ tàbí láti ta ilẹ̀ kí ọmọ má bàa jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ ná. Ọmọ kò ní san nǹkan kan àfi bí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá ju £25,000 lọ́dún, pẹ́nì 9 ni yóò sì máa san lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó lé. Ẹni tó ń gba £28,000 yóò san £270 lọ́dún. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn 40 ọdún, wọ́n á pa á rẹ́. Ní tiwa, ilẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí à ń sáré tà nítorí irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Owó àtijẹ ló nílò ọwọ́ òbí. Ní 2025/26, ẹni tó ń gbé ilé òbí rẹ̀ lè yá tó £8,877, ẹni tó kúrò nílé tó wà ní London £13,762, ẹni tó lọ síbòmíràn £10,544. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ju £25,000 lọ ló ń rí gbogbo rẹ̀ gbà. Bí ọmọ bá ti kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tirẹ̀ tán, ímeèlì kan yóò dé bá yín pé kí ẹ wá sọ iye tó ń wọlé fún yín. Ibí ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Òbí á wo ímeèlì náà, á ní àwọn oníjìbìtì ti tún dé, á pa á rẹ́. Ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ má tilẹ̀ tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ fúnra yín sí gov.uk, ẹ ṣí àkáǹtì Student Finance, kí ẹ kọ nọ́ńbà National Insurance yín àti iye tó wọlé ní ọdún owó orí 2024/25. Bí ẹ kò bá ṣe é, iye tó kéré jù ni ọmọ yóò gbà, bí ẹ tilẹ̀ tòṣì. Bí ọkọ tàbí aya tuntun bá wà nílé, owó tirẹ̀ náà wà nínú ìṣirò. Bí owó yín bá sì ti fi ìpín 15 nínú 100 já sílẹ̀ láti ìgbà náà, ẹ lè ní kí wọ́n fi ti ọdún tó wà lóde ṣírò. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ láìfi falẹ̀.

Kí ọmọ lọ jìnnà tàbí kí ó máa ti ilé lọ? Bọ́ọ̀sì 177 tó ń gbéra ní Thamesmead ń kọjá Greenwich, ó sì ń dé New Cross níbi tí yunifásítì Goldsmiths wà. University of Greenwich gan-an, Woolwich níbí ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1890 gẹ́gẹ́ bí Woolwich Polytechnic. Ọmọ tó ń ti ilé lọ kì í san owó ilé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń pín yàrá pẹ̀lú àbúrò méjì, ẹ wá ibi ìkàwé fún un kí ẹ tó ní kí ó dúró.

Fọ́ọ̀mù náà

Kọ́ọ̀sì márùn-ún ni ọmọ lè yàn. Bí ó bá jẹ́ ìṣègùn, mẹ́rin péré ni yóò lè fi ṣe ìṣègùn. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìṣègùn, Oxford àti Cambridge ń parí. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù, ago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2026 ni. Ilé ìwé máa ń béèrè fún un ṣáájú ìyẹn, torí olùkọ́ ní tirẹ̀ láti kọ. Ọmọ tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé ìwé kì í san owó fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi ọmọ báyìí: kí ló dé tó fẹ́ kọ́ọ̀sì náà, báwo ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe múra rẹ̀ sílẹ̀, kí ló sì ti ṣe níta ilé ìwé. Ìkẹta yìí lẹ ti lè rán an létí. Ọmọ tó ń bá ìyá àgbà lọ sí ọsibítù láti túmọ̀ ohun tí dókítà sọ, èyí tó ń bá àǹtí rẹ̀ tajà ní Beresford Square lọ́jọ́ Sátidé, èyí tó ń yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ náà kì í kà á sí nǹkan kan. Nǹkan ni. Kí ó kọ ọ́, kí ó sì sọ bí ó ṣe bá kọ́ọ̀sì náà tan. Ẹ má bá a kọ ọ́, ẹ má sì sanwó fún ẹni tí yóò kọ ọ́: UCAS ní ẹ̀rọ tó ń fi ìwé wé ìwé.

Lọ́jọ́ èsì ní oṣù kẹjọ, bí máàkì kò bá tó, Clearing wà, ètò tí yunifásítì fi ń pín àyè tó ṣẹ́kù. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí ó pe yunifásítì lórí fóònù. Ẹ bá a fi omi tútù àti bébà sórí tábìlì, kí ẹ sì panu mọ́.

Ara líle

Ẹ bi dókítà ìdílé yín bóyá ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ MenACWY tó ń dènà àrùn yírùnyírùn. Nílé ìwé ni wọ́n ti ń gún un ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14, nítorí náà ẹni tó ti Nàìjíríà dé lẹ́yìn ìgbà náà lè máà tíì gbà á. Ọ̀fẹ́ ni títí di ọjọ́ ìbí ọdún 25. Kò dènà gbogbo irú rẹ̀, torí náà kí ọmọ mọ àmì rẹ̀: ibà, orí fífọ́, ọrùn tó le gbagidi, ojú tí kò fẹ́ rí iná. Bí ara bá sú, kì í tètè hàn lára ẹni dúdú. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú. Àdúrà lè máa lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n 999 ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè.

Ọmọ tó bá ní àìsàn sickle cell lè béèrè fún owó ìrànwọ́ Disabled Students' Allowance. Wọn kì í wo owó òbí fún un, wọn kì í sì í san án padà. Kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ìlú tuntun ní ọ̀sẹ̀ tó bá débẹ̀. Kí ó má dúró di ọjọ́ tí ìrora bá dé.

Ẹrù

Gaàrí àti ẹ̀wà, ẹ dì í. Ata díndín tí ẹ fi sínú ike ayisikiriìmù náà, ẹ dì í. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kọ́ ọmọ ni pé yàrá ibùgbé ní ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín. Bí òróró pupa bá gbóná jù tí wọ́n da ata sí i, aago iná á dún, gbogbo ilé á jáde sí òtútù láago mọ́kànlá alẹ́, gbogbo wọn á sì mọ orúkọ ọmọ yín.

Ní ọdún kejì, ọmọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gba ilé, onílé á sì ní kí ẹ wá ṣe oníduuró. Ẹ ka ìwé náà dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹ kò dúró fún ọmọ tiyín nìkan: bí ọ̀kan nínú wọn bá sá, ọwọ́ yín ni onílé yóò ti gba owó rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ìpín ọmọ yín nìkan lẹ dúró fún.

Bí ọmọ bá ti pé 18, yunifásítì kò ní bá yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀, wọ́n á béèrè ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ bi í ta ni ó kọ síbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà fóònù tí ẹ ń lò báyìí ló wà níbẹ̀.